Àrokò Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ìkìlọ̀ Tí A Gbé Kalẹ̀, Tí A sì Gbọ́dọ̀ Kó Padà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn awakọ̀, onímọ́tò àti aráàlú ní Ìkòtún, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìbẹ̀rẹ̀

    Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń wọ mọ́tò ní ìdájí lọ kó ọjà wá sí Ìkòtún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi, torí pé bí ọkọ̀ bá rọ́ lu ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, èrò tó jókòó sẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ gbà á.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ròńdábaọ̀ Ìkòtún kò mọ olùkọ́ yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá, mo sì máa sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ tètè lọ lè mú un dání. Ìkìlọ̀ tí a bá gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ dé ojú ẹni tó ń bọ̀ kí ẹni náà tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀ wa. Bí ewu bá sì ti kọjá, a gbọ́dọ̀ kó ìkìlọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Apá kìíní, ìdajì ìdajì là ń ṣe é. Apá kejì, a kì í ṣe é rárá.

Ewé tó ń sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìgàndó, tí ẹ rí ẹ̀ka igi tútù mẹ́ta tí wọ́n tò sójú títì, kí ni ẹ̀ka igi náà ń wí? Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tó kọ́ wa, kò sì sí ìwé tí a ti kà á, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé mọ́tò kan ti kú síwájú. Tírélà tó ti Kánò bọ̀ mọ̀ ọ́n. Dánfó tó ń ná Ìkòtún sí Ìyànà Ìpájà mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀gá awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò-bọ́ì á ti já ewé wá.

Lójú tèmi, mọ́tò kọ́ ló mú àṣà yìí wá bá wa. Kí òyìnbó tó da ọ̀dà sójú ọ̀nà ni àwọn baba wa ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn láìsọ̀rọ̀. Àrokò la pè é. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ń sọ fún un pé ọkàn ẹni tó rán an fà mọ́ ọn, torí ẹfà ni. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ó ní ọ̀rọ̀ wa jọra. Ààlè náà ń bẹ: ṣùkù àgbàdo, àkísà tàbí bàtà ògbólógbòó tí a so mọ́ ẹrù igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà. Olóhun kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Títí dòní, bí ọkọ̀ bá so màrìwò mọ́ iwájú, a mọ̀ pé òkú ló ń gbé, a ó sì yà fún un.

Àrokò ni ewé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹni tí a ń rán an sí, a kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ wá, eré ló sì ń sá bọ̀. Àrokò ayé ọjọ́un lè fi ọjọ́ mẹ́ta rìn. Èyí tiwa kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ó ti gbọ́dọ̀ dé.

Ibẹ̀ ni ewé ti kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Ewé kì í tàn. Lọ́sàn-án, àwọ̀ rẹ̀ hàn lórí ọ̀dà dúdú. Lálẹ́, pàápàá lójú ọ̀nà LASU sí Ìsheri níbi tí iná ojú pópó kò bá tàn, ìgbà tí táyà ẹni bá gùn ún lórí la tó mọ̀ pé ewé wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, atẹ́gùn ẹ̀yìn tírélà kan ṣoṣo tó láti gbá gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Ewé ní ẹ̀bi kẹta, òun gan-an ló gbé mi wá síbí. Mo ń bọ̀ wá kàn án.

Ìṣirò tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀

Àwọn àgbà ní àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ará yòókù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àgbà náà nínú kòtò. Lójú títì lálẹ́, ẹni ẹ̀yìn kì í rí ẹni iwájú tó jìn. Orí rẹ̀ ló máa ń já lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Òfin fún mọ́tò ara ẹni láyè láti sá kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan ní ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ ń jẹ mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó pe "Jésù" tàbí "Lá iláhà", ó ti kọjá ilé mẹ́ta. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mọ́tò tó ń sá nǹkan bíi kìlómítà 96 nílò mítà 73 kó tó lè dúró pátápátá, láti ìgbà tí awakọ̀ rí ewu títí táyà fi dákẹ́. Ìwé kan náà ní kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà lásán gbé àmì onígun mẹ́ta sí mítà 45 sẹ́yìn, pé ní ọ̀nà márosẹ̀ tiwọn kí ó má tilẹ̀ gbé e rárá, torí ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é níhìn-ín. C-caution wa, ìyẹn àmì onígun mẹ́ta náà, ìṣísẹ̀ márùn-ún sí búùtù ló máa ń wà. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń gbé e lé orí búùtù gan-an. Mítà mẹ́rin lẹ́yìn ọkọ̀, kí ni àmì náà fẹ́ sọ fún ẹni tó nílò mítà 73? Ó kàn ń sọ orúkọ ohun tó fẹ́ pa á ni.

Ní 29 oṣù Kejìlá 2025, mọ́tò tí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Anthony Joshua wà nínú rẹ̀ lọ rọ́ lu ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní Mákun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kú lójú ẹsẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ pé eré àsápajúdé àti ófátéèkì tí kò tọ́ ni ìwádìí àkọ́kọ́ wọn tọ́ka sí. N kò wá síbí láti dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó dúró kì í ṣe ọkọ̀ tó sinmi. Lójú ọ̀nà tí àwọn yòókù ti ń sáré, ọkọ̀ tó dúró ti di ògiri, ògiri tí ẹnikẹ́ni kò retí pé òun máa bá níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyínká àti àmì tí wọ́n fà tu

Ẹ̀yin tí ẹ ka eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Road, tó jáde ní 1965, ẹ ó rántí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Professor. Ọkùnrin yìí hú àmì ojú ọ̀nà tó ń kìlọ̀ fáwọn awakọ̀ pé kọ́nà ń bẹ níwájú, ó gbé e wálé bí ẹni rí ìṣúra. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá ni wọ́n ń tà ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ẹni tó hú ìkìlọ̀, ọjà rẹ̀ á tà.

Ṣóyínká kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìtàgé. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó wà lára àwọn tó ṣe ọ̀nà bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ṣe dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977. Ìjọba àpapọ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1983. Ní oṣù Kejì 1988, ìjọba ológun fi òfin karùndínláàádọ́ta, ìyẹn Decree 45, dá Federal Road Safety Corps sílẹ̀, wọ́n sì fi Ṣóyínká ṣe alága àkọ́kọ́. Àwọn náà la wá mọ̀ sí "Road Safety" dòní, àwọn tó wọ fìlà pupa.

Nínú àtẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí FRSC fi ń mú awakọ̀, àìní C-caution ní orúkọ tirẹ̀, CSV, àìní ẹ̀rọ ìpaná kékeré sì ń jẹ́ FEV. Ìtanràn ń bẹ fún méjèèjì. Nítorí náà, òfin wà. Ìṣòro wa ni bí a ṣe ń pa á mọ́. Ẹ bi ara yín: ìgbà wo lẹ ra C-caution yín? Ọ̀pọ̀ wa, ọjọ́ tí a fẹ́ rìnrìn àjò ni. A rà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, a kò tú u wò nínú ọ̀rá, a jù ú sí búùtù. Ojú ọlọ́pàá la rà á fún, a kò rà á fún ojú awakọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan láàárín Ìgàndó àti Akẹ́sán

Èmi náà rà á fún ojú ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Alẹ́ ọjọ́ òjò kan ni, aago mẹ́jọ ti kọjá. Mo ti kọjá ọsíbítù ìjọba tó wà ní Ìgàndó, mò ń lọ sí ọ̀nà Akẹ́sán, ni táyà ẹ̀yìn apá òsì fọ́n gbàà. Mo yà sétí títì, mo sì tan iná hásáàdì, èyí tí ẹ̀yin awakọ̀ ń pè ní dọ́bù pọ́íńtà. Mo ṣí búùtù. C-caution mi wà lábẹ́ àpò gàrí. Nígbà tí mo máa fà á yọ, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Mo gbé e dúró, ó ṣubú. Mo fi òkúta tì í, tírélà kan kọjá fìì, ó tún ṣubú, ó dojú dé ilẹ̀. Mo wá dúró sẹ́yìn mọ́tò, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣẹ́wọ́ sáwọn tó ń bọ̀. Ẹ wo àgbàlagbà tó sọ ara rẹ̀ di C-caution!

Ọmọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbà mí. Ó dúró níwájú, ó já ẹ̀ka igi, ó tò ó láti ọ̀ọ́kán wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ kúrò lẹ́yìn mọ́tò yẹn, ẹ wá dúró sórí koríko níbí." Òun ló bá mi dá jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, tó sì pààrọ̀ táyà. Mo dúpẹ́, mo fún un ní ohun tó wà lápò mi, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Ewé wa àti òkúta mi wà níbẹ̀ digbí. Mọ́tò kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rí dánfó kan tó rí ewé náà lójijì, ó fà sí apá ọ̀tún, ọlọ́kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀ kó má bàa ṣubú. Dánfó kejì rí ewé yẹn, kò tilẹ̀ dẹsẹ̀, ó gun ewé mọ́lẹ̀, ó sì lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, ara mi bù máṣọ. Mo ti gba ẹ̀mí ara mi là, mo wá fi irọ́ sílẹ̀ lójú títì.

Ẹ̀bi kẹta ewé nìyẹn: ẹnikẹ́ni kì í kó o.

Ìkìlọ̀ tí kò lópin

Ẹ fojú sí dánfó méjèèjì yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ gba ewé gbọ́, ó sì fẹ́ẹ̀ pa ọlọ́kadà torí ewu tí kò sí. Ẹni kejì kò gba ewé gbọ́ mọ́. Ó ti rí ewé tó pọ̀ tí kò sí mọ́tò níwájú wọn. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá wà níwájú ńkọ́? Ẹni tó ń ké olè lójoojúmọ́ nígbà tí olè kò sí, ọjọ́ tí olè bá dé, òun nìkan ni yóò bá olè sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń lo dọ́bù pọ́íńtà náà nìyẹn. Òjò bẹ̀rẹ̀, a tan án, a sì ń sáré lọ. A fẹ́ lọ tààrà ní oríta, a tan án. Ọkọ̀ ìyàwó ń lọ, gbogbo wọn tan án. FRSC ti pariwo títí pé iná yẹn wà fún ọkọ̀ tó dúró tàbí tó fẹ́ di ìdíwọ́, pé ẹni tó bá tan án lórí ìrìn ti pa tráfíkétọ̀ ara rẹ̀, kò lè fi ibi tó ń yà sí han ẹnikẹ́ni mọ́. A kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iná yẹn mọ̀ ọ́n sọ, ìyẹn "mo ti dúró". Àwa ti sọ ọ́ di "mò ń bọ̀", "mò ń lọ", "inú mi ń dùn". Ẹni tó rí i lẹ́yìn wa lálẹ́ yóò kọ́kọ́ máa ro èwo la ń sọ. Nígbà tó bá fi máa rò ó tán, mítà 28 ti lọ.

Ilẹ̀ Sípéènì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ibi tí a dé. Wọ́n rí i pé àwọn awakọ̀ ń kú níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbé àmì onígun mẹ́ta sílẹ̀. Láti 1 oṣù Kìíní 2026, òfin wọn ní kí mọ́tò ní iná kékeré kan tí wọ́n ń pè ní V16. Irin òòfà wà nídìí rẹ̀. Awakọ̀ á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, á gbé e lé orí ọkọ̀ láìsọ̀ kalẹ̀, iná aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú yíká. Iná náà tún ń fi ibi tí ọkọ̀ wà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìrìnnà lójú pópó. Bí awakọ̀ bá pa á, tó kó o wọlé, iṣẹ́ tó ń rán ti parí nìyẹn. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin.

Èwo ni ká rà?

Ẹ ó gbà mí láàyè kí n tú àpò mi. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, méjì ló wà nínú rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ nìyí, C-caution onígun mẹ́ta. Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kò lo bátìrì, kò lo epo. Ojú rẹ̀ kún fún àwọn ike wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́nà tí wọ́n fi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá gan-an. Ọgbọ́n kan náà ni Percy Shaw, ará Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ní 1934 nígbà tó ṣe "ojú ológbò" tó ń tàn láàárín títì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń dúró de iná ẹlòmíràn. Dánfó tí iná iwájú rẹ̀ ti kú kò ní rí i. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ dúró sílẹ̀, ẹ tú u, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ. Bí èémí yín bá bì í ṣubú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Èkejì kò sí lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣàì mú un wá ni. Ó jẹ́ ọ̀pá oníná tí wọ́n ń pè ní flare, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń lò tipẹ́. Wọ́n á há orí rẹ̀ bí ìṣáná, á sì máa jó pupa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Ó mọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n iná gidi ni, bó bá sì ti jó tán, ó tán nìyẹn. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, òfin kọ̀ ọ́ fún ọkọ̀ tó ń gbé epo. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín ńkọ́? Ẹ rántí 15 oṣù Karùn-ún 2008, nígbà tí katakata tó ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gun, ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ìhín, gbẹ́ páìpù epo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì jóná kú. Ẹ rántí afárá Otedola ní 28 oṣù Kẹfà 2018: tánkà kan ṣubú, èèyàn mẹ́sàn-án kú, mọ́tò tó jóná lé ní àádọ́ta. Ibi tí epo ti lè máa ṣàn lójú títì nígbàkígbà kọ́ ni a ó ti máa há ìṣáná.

Ẹ̀kẹta nìyí. Ẹ wò ó dáadáa. Ó rí pẹlẹbẹ bí ọmọrí ìkòkò kékeré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Rọ́bà aláwọ̀ ọsàn ló yí i ká, kó lè gbà bí táyà bá gùn ún. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: irin òòfà. Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ ṣíjú wò ó, ó ń ṣẹ́jú. Mo tún un tẹ̀, ó dúró gbọnyin. Kò gbóná, kò ní ọwọ́ iná, òjò kò sì rí i gbé ṣe bó bá jẹ́ ojúlówó. Ohun tó dùn jù nínú rẹ̀ ni pé bí mo bá parí, mo pa á, mo kó o sápò, ọdún tó ń bọ̀ mo tún lò ó. Torí pé owó mi ni, n kò ní gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó já ewé kì í padà wá kó o, torí kò ná an ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á ní ọjà Ládípọ̀ tàbí níbi yòówù, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò. Ẹ mú aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ẹ fi búlúù sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹ gbé e mọ́ ara mọ́tò yín níbẹ̀, torí irin òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́ọ̀mù tàbí rọ́bà. Ẹ bèèrè bóyá bátìrì ló ń lò tàbí ó ń gba ṣáájì. Bó bá jẹ́ bátìrì, ẹ má fi í sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nínú ooru búùtù, yóò da omi, yóò sì jẹ irin inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ṣáájì, ẹ ṣáájì rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ lè fi í sí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ tí a máa ń fi ṣe ìmọ́tótó àyíká láyé ọjọ́sí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ ra mẹ́ta. Ẹyọ kan ń sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mẹ́ta tí a tò tẹ̀ léra ń sọ ibi tó yẹ kí ọkọ̀ gbà.

Bí a ó ti ṣe é

Bí mọ́tò bá ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú, ẹ má dúró sáàárín títì. Ẹ lo agbára tó ṣẹ́ kù fi yà sétí. Ẹ tan hásáàdì.

Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ wọ ẹ̀wù tó ń dá iná padà, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀. Ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò láti 2008. Ẹ má fi í sí búùtù, ẹ fi í sẹ́yìn ìjókòó yín, torí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e ti wà nínú ewu kó tó wọ̀ ọ́.

Ẹ ní kí èrò gba ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí títì sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n bọ́ sórí koríko tàbí sẹ́yìn irin ojú pópó. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jókòó ti ẹrù yín. Ata á tún so, tòmátì á tún pọ́n.

Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé iná dání kó máa tàn, ẹ gba orí koríko rìn. Nínú ìgboro, ẹ ka ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Ní ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ka igba bí ààyè bá wà. Tí kọ́nà tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá wà, ẹ gbé e kọjá rẹ̀ kí awakọ̀ lè rí i kó tó yí kọ́nà. Èyí tó jìnnà jù, etí títì ni kó wà. Ẹ wá máa fi ìyókù sún mọ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni òfin fún awakọ̀ akẹ́rù láti to mẹ́ta kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìrànwọ́. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni. Ti FRSC ni 122. Bí táyà ni ẹ fẹ́ pààrọ̀ tó sì jẹ́ pé ìhà títì ló wà, tí ọkọ̀ sì ń rọ́ kọjá létí yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ìfàmọ́tò wá. Táyà kò tó ohun tí à ń fi ẹ̀mí èèyàn rà.

Ẹ̀rọ ìpaná kékeré yín ńkọ́? Ẹ wo abẹ́rẹ́ orí rẹ̀. Ojú ewéko ló yẹ kó wà. Ẹ máa dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí lúbúlúbú inú rẹ̀ má bàa dì. Bí èéfín bá ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí i gbayawu, torí atẹ́gùn ni oúnjẹ iná. Ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ fọ́n ọn sí ìdí iná, kì í ṣe sí ọwọ́ iná.

Nígbà tí mọ́tò bá sì ti ṣe é lọ, ẹ má tíì lọ. Ẹ tún ìrìn yẹn rìn padà. Ẹ kó iná yín láti ìdí ọkọ̀ lọ sí èyí tó jìnnà jù, kí ẹ̀yìn yín má bàa ṣófo kí ẹ tó parí. Bí ewé lẹ lò, ẹ gbá a kúrò. Bí òkúta ni, ẹ yí i sí gọ́tà. Ẹni tó fi òkúta dá táyà dúró tó sì fi í sílẹ̀ sójú títì ti dẹ ìkẹ́kùn fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ awakọ̀ gbogbo gáréèjì tó wà ní Ìkòtún. Owó tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ra iná mẹ́ta mẹ́ta fún dánfó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní èyí tí ẹ ń yá àwọn tó bá fẹ́ rìn lóru. Mo bẹ ẹ̀yin mẹkáníìkì àti rewáyà: bí oníbàárà bá gbé mọ́tò wá, ẹ ní kó ṣí búùtù, kí ẹ jọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin èrò: bí ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ bá bàjẹ́, tí wọ́n sì tún un ṣe, ẹ ní kí kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ kó ewé kó tó ké "wọlé".

Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ tó gbà mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ewé ló fi gbà mí, torí ewé ló ní, ó sì ṣe tirẹ̀ pé. Èmi tí mo ní mọ́tò, tí mo ní búùtù, tí mo sì ní owó C-caution, èmi ni n kò ṣe tèmi.

Bí ẹ bá ti kúrò níbí, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sí mọ́tò, ẹ ṣí búùtù yín. Ẹ gbé C-caution jáde, ẹ gbé e dúró. Bí kò bá lè dúró, ẹ má gbé mọ́tò yẹn rìn lóru òní.